Kíkọ́ Ọmọ Ní Ẹ̀sìn Gẹ́gẹ́ Bí Ọjọ́ Orí Rẹ̀

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ bá ti fa àwọn ọmọdé lé lọ́wọ́ rí, yálà ní ilé-kéú ìrọ̀lẹ́, ní ásáláátù ọjọ́ Àìkú tàbí ní kọ́ọ̀sì ìsinmi. Àṣìṣe ti èmi fúnra mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan ní Òṣogbo, wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọdé jókòó títí àwọn àgbà yóò fi parí ásáláátù. Àwọn ọmọ náà tó ogójì lórí ẹní. Èyí tí ó kéré jù kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, èyí tí ó dàgbà jù ti ń fá irùngbọ̀n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé kan tán lórí ikú àti ìyà inú sàréè, ara mi sì ń yá gágá. Ohun tí mo kà ni mo kọ́ wọn. Mo ṣe àpèjúwe òkùnkùn, mo ṣe àpèjúwe òòlù irin, mo fi ohùn sí i. Gbogbo orí ẹní dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń yin ara mi nínú pé wáàsí náà wọlé.

Ní ọjọ́ Ọjọ́rú, ìyá àgbà kan fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ilé wa. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Màmá yìí kò bú mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Aáfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ Àìkú ni kò ti sùn dáadáa. Ó ń bi mí bóyá wọ́n ṣì ń na ìyá òun.” Wọn kò tíì sin ìyá ọmọ náà ju oṣù mẹ́ta lọ. N kò mọ̀, nítorí pé n kò béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ńlá kò wá mọ́. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ohun tí ẹ sọ yẹn, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Àwọn ohun tí mo fẹ́ bèèrè ni kò sí ẹni tí ó máa ń fún mi láyè bèèrè.” Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo dẹ́rù ba ọmọ kan títí kò fi lè sùn, ó sì sú èkejì títí ó fi kúrò láàrin wa. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kì í ṣe irọ́. Ẹni tí mo ń sọ ọ́ fún ni n kò wò.

Wàláà kì í ṣe ti àjọni

Kí a tó sọ pé ohun tuntun ni pípín àwọn ọmọ sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé-kéú àwọn bàbá wa ṣe rí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ igi, ogún ọmọ lè máa ké lẹ́ẹ̀kan náà, kí ariwo wọn gba àdúgbò kan, síbẹ̀ ohun tí eléyìí ń ké kọ́ ni tọ̀hún ń ké. Olúkúlùkù ni ó ní wàláà tirẹ̀. Ẹni tí ó wà ní álífù, álífù ni aáfáà fi tàdáà kọ fún un. Ẹni tí ó ti wọ inú súrà, súrà ni wọ́n kọ fún un. Bí ọmọ kò bá tíì mọ ti àná, aáfáà kì í jẹ́ kí ó fọ wàláà rẹ̀. Àwọn tí ó ti lọ síwájú sì ni wọ́n ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwa tí a gbé pátákó ìkọ̀wé àti gbohùngbohùn dé ni a kó gbogbo wọn sójú kan, tí a ń da ọ̀rọ̀ kan náà lé wọn lórí.

Ibi tí ilé-kéú àtijọ́ ti kù díẹ̀ káàtó ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún, tí wọ́n pa ẹran, tí wọ́n rán aṣọ ńlá, tí ọmọ náà kò sì lè sọ ohun tí Fátíhà tí ó ń kà lójoojúmọ́ túmọ̀ sí. Ó wà nínú ohun tí Ṣéù Adam Abdullah Al-Ilory tún ṣe, nígbà tí wọ́n dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Agége ní 1955: wọ́n fi kíláàsì sí i, wọ́n fi ìwé oní-ìpele sí i, wọ́n sì fi ìdánwò sí i. Ọ̀pọ̀ modirasa tí a ń rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá lónìí ń tẹ̀lé irú ètò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ Àìkú tiwa, tí àwa ọ̀dọ́ ń bójú tó, kò ní kíláàsì, kò sì ní wàláà. Àárín méjèèjì ni ó há sí.

Báwo ni Ànábì ṣe ṣe é?

Arákùnrin kan lè sọ pé ẹ̀sìn kan ni Ìsìláàmù, kí ló dé tí a ó fi máa gé e sí wẹ́wẹ́? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣe Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba.

Ọmọ kékeré kan wà, àbúrò Anas, tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr. Ó ní ẹyẹ kan tí ó fi ń ṣeré, ẹyẹ náà sì kú. Ànábì wọlé, ó rí i pé ojú ọmọ náà fà ro. Kò ṣe wáàsí kádàrá fún un. Ẹyẹ náà ni ó bi í léèrè, ó sì fi orúkọ ẹyẹ bá orúkọ ọmọ náà ṣeré, nítorí pé ìró méjèèjì jọra. Hasan, ọmọ-ọmọ rẹ̀, mú dàbínù kan nínú dàbínù sàká, ó jù ú sẹ́nu. Ànábì ní kí ó tu ú dànù, irú ohùn tí à ń fi bá ọmọ kékeré wí ni ó lò, lẹ́yìn náà ni ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan péré: àwọn kì í jẹ sàká. Umar ọmọ Abu Salama ti dàgbà díẹ̀ jù wọ́n lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń káàkiri inú àwo. Ohun mẹ́ta ni Ànábì sọ fún un: kí ó dárúkọ Ọlọ́hun, kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kí ó máa jẹ ibi tí ó kọjú sí i. Ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ni, oúnjẹ sì wà níwájú wọn. Umar fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń jẹun láti ọjọ́ náà.

Ibn Abbas wà lẹ́yìn Ànábì lórí ẹran tí wọ́n ń gùn. Ọmọdékùnrin tí ó ti ń dàgbà ni nígbà yẹn. Òun ni Ànábì kọ́ ní ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà ṣì ń fi ọjọ́ ayé ronú lé: pé kí ó máa ṣọ́ àṣẹ Ọlọ́hun, kí Ọlọ́hun lè máa ṣọ́ òun náà, àti pé bí gbogbo ẹ̀dá bá parapọ̀, wọn kò lè ṣe é ní oore tàbí ní ibi ju ohun tí Ọlọ́hun ti kọ lọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wo ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó wá bèèrè níwájú àwọn ènìyàn pé kí Ànábì yọ̀ǹda sìná fún òun. Àwọn tí ó jókòó jágbe mọ́ ọn. Ànábì ní kí ó súnmọ́ òun, ó sì bi í bóyá yóò fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀, sí ọmọ rẹ̀, sí arábìnrin rẹ̀. Ó gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ lé e, tí ó ṣàdúà fún un.

Ọmọ tí ẹyẹ rẹ̀ kú gba eré. Ọmọ tí ń jẹun gba ẹ̀kọ́ ọwọ́. Ọ̀dọ́ gba ìbéèrè àti èrò. Ànábì kan náà ni, ẹ̀sìn kan náà ni. Àlí (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) sì kì wá nílọ̀, gẹ́gẹ́ bí Bukhari ṣe gbà á wá, pé ohun tí ó bá yé àwọn ènìyàn ni kí a máa bá wọn sọ, kí a má baà sọ wọ́n di ẹni tí ń pe Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ní onírọ́.

Kí ọmọ tó pé ọdún méje

Àwọn wọ̀nyí kò pé kọ́. Ohun tí wọ́n lè gbé ni pé Ọlọ́hun ni ó dá wa, Ọlọ́hun ni ó ń fún wa ní gbogbo ohun tí a ní, Ó sì fẹ́ràn wa. Kí wọ́n mọ bísímílà kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n mọ sàlámà, kí wọ́n máa fi etí gbọ́ súrà kúkúrú títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dìde. Rubayyi ọmọ Mu'awwidh ròyìn pé nígbà tí àwọn bá ń gba ààwẹ̀ Áṣúrà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, irun àgùntàn ni àwọn fi ń ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọmọ bá sunkún oúnjẹ, wọn yóò gbé ohun ìṣeré fún un títí àsìkò ìṣínu. Bí àwọn sàhábé bá lè mú ohun ìṣeré wọ inú ààwẹ̀, a kò lè sọ pé eré lòdì sí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn.

Ẹ fi sàréè àti iná sílẹ̀ fún wọn ná. Ṣùgbọ́n bí ikú bá wọ ilé wọn, ẹ má parọ́ fún wọn pé ẹni náà rìnrìn àjò, nítorí pé wọn yóò máa retí rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé Ọlọ́hun ni ó ni wá, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ń padà sí, a ó sì máa ṣe àdúà fún ẹni tí ó lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe àdúà fún ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni fún un, ọkàn rẹ̀ a sì balẹ̀ nídìí rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ́sáláásí wa, ẹ má bínú, n ó sọ eléyìí náà. Ànábì gbé Umama, ọmọ ọmọbìnrin rẹ̀, lọ́wọ́ nígbà tí ó ń kí ìrun. Bí ó bá ń foríkanlẹ̀ a gbé e kalẹ̀, bí ó bá dìde a tún gbé e. Ọmọ tí a bá fi pàṣán lé kúrò ní mọ́sáláásí nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, kí ni a ó sọ fún un nígbà tí ó bá di ọmọ ogún ọdún tí a ń wá a kiri?

Láti ọdún méje dé mẹ́wàá

Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì tí ó ní kí a pàṣẹ ìrun fún ọmọ ní ọdún méje, kí a nà án lé e lórí ní ọdún mẹ́wàá, kí a sì ya ibùsùn wọn sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ nínà ni a sáré dì mú. Àwa kò ka àárín méje sí mẹ́wàá. Ọdún mẹ́ta ni. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ọdún Hìjírà jẹ́ ọjọ́ 354, ìrun márùn-ún lójúmọ́, ọdún mẹ́ta. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún (5,000) ìgbà tí a ó ti fi ẹnu pè é, tí a ó ti jẹ́ kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí ọ̀rọ̀ pàṣán tó wáyé rárá. Àwọn onímọ̀ sì ti sọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́ sí ọmọ lára. Ta ni nínú wa tí ó ti pe ọmọ ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà?

Àwọn ará wa Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń pè ní òṣómàáló láyé àtijọ́, nítorí pé bí wọ́n bá tà aṣọ ní àwìn, tí ọjọ́ owó sì pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Ó dára nínú òwò aṣọ. Nínú kéú kò dára. Aáfáà tí ó lóṣòó ti ọmọ ọdún mẹ́jọ pé kò ní dìde àfi bí ó bá ké súrà náà láìsí àṣìṣe, yóò gba súrà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má rí ọmọ náà mọ́ lẹ́yìn wòlímọ̀. Ibn Khaldun, tí ó kú ní 1406, kọ ọ́ sínú Muqaddima rẹ̀ pé ọmọ tí a bá fi ìkanra kọ́, irọ́ àti ẹ̀tàn ni yóò kọ́ mọ́ ọn, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Al-Ghazali tí ó ṣáájú rẹ̀ ní kí a jẹ́ kí ọmọ ṣeré tí ó dára lẹ́yìn kéú, nítorí pé ẹ̀kọ́ tí kò ní ìsinmi a máa pa ọkàn ọmọ.

Ohun tí ọmọ ọjọ́ orí yìí fẹ́ ni kí a fi ìṣe hàn án. Ẹ má ka òfin àlùwàlá fún un. Ẹ gbé kẹ́tùlù omi fún un, kí ẹ ṣe é, kí òun náà ṣe é, kí ó fi kọ́ ẹni tí ó kéré sí i. Ìtàn àwọn Ànábì sì nìyí: ọkọ̀ Nuhu, ẹja Yunusu, ìlàjú òkun fún Musa.

Láti ọdún mẹ́wàá dé ìbàlágà

Àlùkùránì fúnra rẹ̀ pa ààlà síbí. Nínú Súrà Nuru, ẹsẹ 58 àti 59, ọmọ tí kò tíì bàlágà yóò gba àyè kí ó tó wọlé tọ àwọn òbí rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta: ṣáájú ìrun àárọ̀, ní ọ̀sán tí wọ́n bá bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun alẹ́. Bí ó bá ti bàlágà, gbogbo ìgbà ni yóò máa gba àyè. Ọmọ kan náà ni, ilé kan náà ni, òfin rẹ̀ sì yí padà bí òun náà ṣe ń yí padà.

Nítorí náà ẹ̀kọ́ nǹkan oṣù àti ìwẹ̀ ọ̀ranyàn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kí nǹkan oṣù fúnra rẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin arábìnrin, ọwọ́ yín ni èyí wà. Mo mọ ọmọ ọdún méjìlá kan tí ó rí ẹ̀jẹ̀ ní ilé-kéú, tí ó rò pé Ọlọ́hun ń fi ìyà ẹ̀ṣẹ̀ kan jẹ òun, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti mọ súrà tí ó pọ̀ sórí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un nípa ara rẹ̀. Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) yin àwọn obìnrin Ánsárì pé ojú tì wọ́n kò dí wọn lọ́wọ́ láti mọ ẹ̀sìn wọn. Àwọn ọmọkùnrin náà ní tiwọn, kí arákùnrin tí wọ́n fọkàn tán sọ ọ́ fún wọn.

Ọjọ́ orí yìí náà ni ìbéèrè nípa àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní Òṣogbo, bí oṣù kẹjọ bá dé tí ìlù ọdún Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀, tí arugbá ń bọ̀, tí àlejò kún ìlú nítorí igbó tí UNESCO ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005, ọmọ wo ni kò ní béèrè pé kí ló dé tí àwa kò lọ? Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ó tó kí a sọ pé Ọlọ́hun ni ó dá odò, ẹni tí ó dá odò ni àwa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gbọ́ ìkejì rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan jáde láti ibi wáàsí lójú mi, ó sì lọ pe ìyá bàbá rẹ̀ ní kèfèrí níwájú gbogbo agbo ilé. Ìyá arúgbó náà ni ó wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bí i. Ẹni tí ó ṣe wáàsí náà kò sọ fún un pé Àlùkùránì, nínú Súrà An'amu, kọ̀ fún wa láti bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sìn, kò sì sọ fún un pé nínú Súrà Luqman, òbí tí ó tilẹ̀ ń fi agbára fa ọmọ sí ìbọ̀rìṣà, a kò ní tẹ̀lé e nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n a ó bá a gbé pẹ̀lú dáadáa. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà gbé lọ, ìdajì tí ó lè fi jà.

Lẹ́yìn ìbàlágà

Ní Iléṣà ọ̀rọ̀ náà tún gba ibòmíràn. Àwọn Mùsùlùmí kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Òṣogbo. Ọmọ wa lè jẹ́ òun nìkan ní Mùsùlùmí nínú kíláàsì rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì jẹ́ adarí kọ́yà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Iléṣà ti gbọ́ ìbéèrè tí akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo kò ní gbọ́ títí yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni a ó wò, a ó tún wo ibi tí ọmọ ń gbé. Ẹ fi Súrà Maryam kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí oṣù Kérésìmesì tó dé, kí ó lè mọ bí Àlùkùránì ṣe bu ọlá fún Anábì Isa àti ìyá rẹ̀, àti ibi tí ọ̀nà ti pín. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní bínú nígbà tí wọ́n bá bi í léèrè.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2016, ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n àṣẹ láti wọ̀ ọ́ ni ẹjọ́ náà fún ọmọbìnrin wa. Ìdí tí òun fi ń wọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti gbọ́ ọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fi “nítorí pé mo wí bẹ́ẹ̀” parí. Ọmọ tí ó ti bàlágà, ẹ̀sìn ti wà lọ́rùn rẹ̀ bí ó ti wà lọ́rùn tiwa. Bí ó bá bèèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Bí a kò bá mọ ìdáhùn, kí a ní “n kò mọ̀, n ó béèrè,” kí a sì béèrè lóòótọ́.

Fátíhà kan, ọ̀nà mẹ́rin

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a fi Fátíhà ṣe é.

Fún àwọn kékeré, gbólóhùn ọpẹ́ nìkan. Ẹ bi wọ́n: “Kí ni ẹ jẹ ní àárọ̀ yìí?” Ẹnì kan a ní iyán àná. Ta ni ó gún un? Màmá. Níbo ni Màmá ti rí iṣu? Ọjà. Ta ni ó gbìn ín? Àgbẹ̀. Ta ni ó rọ òjò sí i? Wọn a pariwo orúkọ Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sọ “alhamdulilahi” papọ̀. Ẹ̀kọ́ ti parí.

Fún ọmọ ọdún méje sí mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí ó kà á: ẹsẹ méje, ràkáà mẹ́tàdínlógún lójúmọ́ nínú ìrun ọ̀ranyàn, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mẹtàdínlógún ni a ń kà á. Kí ló dé tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ wá sọ fún un nípa hádíìsì inú Muslim pé Ọlọ́hun pín ìrun láàrin ara Rẹ̀ àti ẹrúsìn Rẹ̀, Ó sì ń dá ẹrúsìn náà lóhùn bí ó ti ń ka ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ó ń sáré kí ìrun bíi pé wọ́n ń lé e, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí dúró díẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́ èyí. Ẹsẹ kan ní ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méje. Kò sí ohun tí ń lé wa.

Fún ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá, ẹ dúró lórí ẹsẹ karùn-ún, tí a fi ń jẹ́wọ́ pé Òun nìkan ni à ń sìn, Òun nìkan ni à ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bí ẹsẹ yẹn ṣe kan ońdè tí wọ́n so mọ́ wọn nídìí, àti jíjí ìwé wò nínú ìdánwò.

Fún àwọn tí ó ti ń dàgbà di ọkùnrin àti obìnrin, ẹsẹ kan náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó kan ibi tí ayé wọn wà. Ọ̀rẹ́ wọn ń ṣe Yahoo, ó ti ra mọ́tò, wọ́n sì ń sọ pé oògùn wà tí ó ń mú owó yá. Ta ni ó ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ta? Ẹ má yára dá wọn lóhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Bí wákàtí kan bá kọjá tí wọn kò tíì fẹ́ dìde, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ń dùn wọ́n.

Kí gbogbo èyí jẹ́ ní èdè Yorùbá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ké e ní èdè Lárúbáwá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, Mùsùlùmí bíi tiwa, tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, tí ó sì kú ní 2010, ni ó ṣíwájú àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Iléṣà. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Wọ́n ṣe dáadáa, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìṣirò bá yé ọmọ dáadáa ní èdè ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ńkọ́?

Bí olùkọ́ bá jẹ́ ẹnì kan

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ jẹ́ ní ẹ̀ka yín. Èmi náà jẹ́ ẹnì kan. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya ẹní sí mẹ́ta. Mo fún àwọn ọmọbìnrin ńlá méjì ní àwọn kékeré, kí wọ́n máa bá wọn ké súrà kúkúrú, kí wọ́n sì bá wọn ṣeré. Mo jókòó ti àwọn tí ó wà láàrin. Àwọn ńlá ń dúró dè mí lẹ́yìn ìrun Súhúrì, nígbà tí àwọn kékeré bá ti lọ sílé. Ọmọkùnrin tí ó kúrò láàrin wa nì padà wá nítorí àsìkò ẹ̀yìn Súhúrì yìí. Ó mú ìbéèrè mẹ́rìnlá wá nínú ìwé kan. Títí di òní, a ti dáhùn mẹ́sàn-án.

Kí a tó pàdé ní oṣù tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù tí ó ń kọ́ ọmọ kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ orí wọn, ẹni tí ó ń tọ́ wọn nílé, àti ìbéèrè kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi í. Ẹni tí kò bá rí ìbéèrè kankan kọ, kí ó fi ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, kí ó jókòó, kí ó gbọ́ wọn.

Ní ti ọmọ ọdún márùn-ún nì, mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tí ń na ìyá rẹ̀, pé mo sọ̀rọ̀ fún àwọn àgbà ni, n kò sì mọ̀ pé ó ń gbọ́. A kọ́ ọ ní àdúà kúkúrú kan fún ìyá rẹ̀, èmi àti ìyá àgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, ó jókòó sí iwájú ẹní, ó sì na ọwọ́ sókè kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè ṣe àdúà náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, tàbí ẹ̀ẹ̀kan ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́.